Bí Náánì Bá Dùbúlẹ̀ Àìsàn: Ìtàn Owó Àìsàn Olùtọ́jú Ọmọ ní Bìrìtéènì

Ní Bìrìtéènì, náánì ni wọ́n ń pe obìnrin tí ìdílé kan gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú ọmọ nínú ilé wọn. Ó yàtọ̀ sí obìnrin tí òbí ń gbé ọmọ lọ bá nílé tirẹ̀, tó ń tọ́jú ọmọ mẹ́ta mẹ́rin pa pọ̀. Ẹni yẹn ni ọ̀gá ara rẹ̀. Náánì ní ọ̀gá. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ owó àìsàn so mọ́, nítorí bí náánì bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni òfin ń wò lójú. Ẹni náà kì í sì í ṣe iléeṣẹ́ tó ní akọ̀wé owó àti agbẹjọ́rò. Ìyá àti bàbá ọmọ ni, tí wọ́n ń ṣírò owó iṣẹ́ lórí tábìlì oúnjẹ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti sùn. Ẹrù yìí ti wà lórí ilé nígbà kan, ó bọ́ sórí ìjọba, ó sì tún padà sórí ilé. Ní gbogbo àsìkò yẹn, náánì tí kì í wá síṣẹ́ lójoojúmọ́ ni òfin gbàgbé jù.

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀rọ̀ náà kò tíì díjú. Obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ń gbé nínú ilé ọ̀gá rẹ̀, yàrá àwọn ọmọ ló ń sùn sí, inú ìkòkò ilé ló ti ń jẹ. Ọdún kan gbáko ni wọ́n sábà ń gba ìránṣẹ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dá àkókò, ọdún kan ni ilé ẹjọ́ máa kà á sí. Bí àìsàn bá kọlù ú láàárín ọdún, ìránṣẹ́ ilé náà ṣì ni. Àwọn ọ̀gá mọ bí àdéhùn ọdún kan ṣe wúwo tó. Òfin ọdún 1691 sọ pé ìránṣẹ́ tí kò tíì ṣègbéyàwó, tó bá sin ọ̀gá fún ọdún kan pé, ti di ọmọ àdúgbò ibẹ̀, àdúgbò náà ni yóò sì máa bọ́ ọ bí ó bá di aláìní tàbí aláìsàn. Kí ọdún má baà pé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìránṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 51. Ọgbọ́n àyínìke yìí pẹ́ nílẹ̀, torí ọdún 1834 ni wọ́n tó pa ọ̀nà àtidi ọmọ àdúgbò bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Owó oníṣègùn ni ó kọ́kọ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kóòtù. Ní ọdún 1795, Lord Kenyon dájọ́ pé ọ̀gá tí ìránṣẹ́ ń gbé lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ni yóò san owó oògùn rẹ̀. Ọdún méje péré lẹ́yìn náà, ẹjọ́ mìíràn dé lórí ìránṣẹ́ kan tó ṣẹ́ lápá nígbà tó ń da ẹṣin ọ̀gá rẹ̀. Àwọn adájọ́ ní gbèsè oníṣègùn kò kan ọ̀gá. Ìdájọ́ ọdún 1802 yìí ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti ìgbà náà, ìtọ́jú ìránṣẹ́ tó ń ṣàìsàn di ọ̀rọ̀ àánú, bí ọkàn ọ̀gá bá ṣe rí ni.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àṣà ìkìlọ̀ oṣù kan ti gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ ilé. Ọ̀gá tó bá fẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa lọ yóò fún un ní ìkìlọ̀ oṣù kan, tàbí kí ó ka owó oṣù kan sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Àdéhùn ọdún kan tí ó ń dáàbò bo aláìsàn já síbẹ̀. Ọmọbìnrin tí ikọ́ ẹ̀gbẹ mú nínú yàrá àwọn ọmọ kò ní pẹ́ níbẹ̀, nítorí kò sí ìyá tó fẹ́ kí ó máa wú ikọ́ sórí ọmọ òun. Yóò gba owó oṣù kan, wọn a gbé àpótí rẹ̀ dé ibùdókọ̀ ojú irin, ó di ilé àwọn òbí rẹ̀ ní abúlé. Ẹni tí kò ní òbí mọ́ ń lọ sí ilé aláìní ti ìjọba. Àwọn ọ̀gá kan ń dá owó lọ́dọọdún fún ilé ìwòsàn alánìíyàn, èyí tó fún wọn láǹfààní láti fi ìwé rán ọmọ ọ̀dọ̀ wọn lọ gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Elizabeth Everest, ẹni tó tọ́ Winston Churchill, jẹ́ kí a rí bí nǹkan ṣe rí ní ilé àwọn ọlọ́lá pàápàá. Ọdún 1875 ni ó dé ọ̀dọ̀ ìdílé náà, nígbà tí Winston ṣì wà ní ìkókó, ó sì tọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ Jack dàgbà. Ní ọdún 1893, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjìdínlógún, wọ́n ní kí ó máa lọ. Winston kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ìwà yẹn burú. Ní oṣù Keje ọdún 1895, àìsàn inú dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ nílé ọmọ ìyá rẹ̀ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Churchill, tó jẹ́ ọ̀gágun kékeré ọmọ ogún ọdún nígbà náà, sáré wá láti bárékè, òjò sì pa á lọ́nà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé jákẹ́ẹ̀tì òun tó tutù ni ìyá àgbà náà fọwọ́ kàn tó sì dà á láàmú. Kò sinmi títí wọ́n fi sá a gbẹ. Òun ni ó pe dókítà, òun ni ó gba nọ́ọ̀sì sí i. Everest kú lọ́dún náà, àwọn ọmọ tó tọ́ sì gbé òkúta sórí ibojì rẹ̀. Gbogbo owó yìí, láti àpò ọmọ tó tọ́ ni. Òfin kò bi ilé tó sìn fún ọdún méjìdínlógún ní kọ́bọ̀ kan.

Ní ọdún 1892, Emily Ward dá ilé ẹ̀kọ́ Norland sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìtọ́jú ọmọ. Àwọn tó jáde níbẹ̀ ń wọ aṣọ iṣẹ́, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí, owó wọn sì ga ju ti ọmọ ọ̀dọ̀ lásán lọ. Ti owó àìsàn, bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ṣe bá wọn ṣe é ni.

Òfin ọdún 1906 lórí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́ ni àkọ́kọ́ tó tọ àwọn òṣìṣẹ́ ilé lọ tààrà: ẹni tó bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tó gbé ọmọ lọ́wọ́ lè gba owó ìtánràn lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìpalára nìyẹn o. Àìsàn gan-an dúró de David Lloyd George, mínísítà ìṣúná, àti òfin adójútòfò ìjọba tó gbé wá ní ọdún 1911. Àwọn àgbà tó ná owó Gẹ̀ẹ́sì rí yóò mọ iye tó wà níbẹ̀: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, obìnrin òṣìṣẹ́ yóò dá tọ́rọ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò dá tọ́rọ́, ìjọba yóò fi kọ́bọ̀ méjì kún un. Bí ó bá ṣàìsàn, yóò máa gba ṣílè méje àti sísì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 26 ó pẹ́ jù. Ọkùnrin ń gba ṣílè mẹ́wàá. Ọjọ́ kẹrin àìsàn ni owó náà sì ń bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba má baà máa san owó orí fífọ́ àti òtútù ọjọ́ kan. Kí a fi ọjọ́ mẹ́ta yìí sọ́kàn. Ó pẹ́ ju Lloyd George fúnra rẹ̀ lọ.

Àwọn ìyá ilé kò gbà. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé ọ̀gá yóò ra sítáǹpù ní ilé ìfìwéránṣẹ́, yóò fi ahọ́n lá a, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, yóò sì yọ tọ́rọ́ ọmọ náà nínú owó rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1911, àwọn obìnrin ọlọ́lá àti àwọn ìránṣẹ́ wọn kún inú gbọ̀ngàn Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù láti búra pé àwọn kò ní lá sítáǹpù ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní yóò ba ìfẹ́ àárín ìyá ilé àti ọmọ ọ̀dọ̀ jẹ́. Ó ṣòro láti gbà pé tọ́rọ́ ni ó ń dùn wọ́n, nítorí ẹni tó ń bọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ mẹ́fà kò lè sọ pé tọ́rọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ yóò sọ òun di tálákà. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí òfin wọ yàrá wọn, kí ó sì sọ inú rere di gbèsè. Òfin náà dúró. Ní oṣù Keje ọdún 1912, sítáǹpù àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ káàdì, ní oṣù Kìíní ọdún 1913 sì ni aláìsàn àkọ́kọ́ gba owó. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ilé nígbà náà ju mílíọ̀nù kan lọ.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba gbé ẹrù náà pátápátá. Àbá William Beveridge ti ọdún 1942 lórí adójútòfò ìjọba ni ó bí òfin ọdún 1946, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1948, ọjọ́ kan náà tí NHS, ètò ìlera ìjọba, sọ ìwòsàn di ọ̀fẹ́. Ṣílè 26 lọ́sẹ̀ ni àgbàlagbà aláìsàn ń gbà lọ́wọ́ ìjọba. Iṣẹ́ ọ̀gá kò ju kí ó lẹ sítáǹpù lọ. Tí náánì bá wó lulẹ̀, ìjọba ni yóò bá a sọ̀rọ̀. Fún ìdílé, kò tíì sí ìgbà tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ni ó wà nínú ètò náà. Òfin gba obìnrin tó ti lọ́kọ láyè láti yan sítáǹpù kékeré: owó díẹ̀ ni yóò máa dá, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣàìsàn, kò ní rí nǹkan kan gbà. Ọ̀pọ̀ wọn yan án. Àwọn ìyàwó ilé tó ń yọjú ní òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ láti bá aládùúgbò tọ́jú ọmọ wà lára wọn, èyí tí ó mú kí àbùkù ètò náà wúwo jù lórí àwọn tí wákàtí iṣẹ́ wọn kéré. Ọdún 1977 ni wọ́n ti ìlẹ̀kùn sítáǹpù kékeré mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yàn án.

Àwọn tó tọ́ ọmọ Yorùbá kò sí nínú ètò yìí rárá. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà tó wà ní Ìlú Ọba, tí ọkọ ń kẹ́kọ̀ọ́ tí ìyàwó ń ṣiṣẹ́ tí òun náà ń lọ sí kíláàsì ní alẹ́, máa ń gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó tọ́ ní Kent, Essex tàbí Sussex. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Ẹni tó bá gbà ń gba owó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, inú ilé tirẹ̀ sì ni ọmọ ń gbé. Òfin ọdún 1958 ní kí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ mọ̀ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ obìnrin náà di òṣìṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò ní káàdì, kò ní sítáǹpù. Bí ó bá dùbúlẹ̀ àìsàn, owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lè tẹ̀ lé ọmọ lọ, kí òbí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì fi ìdánwò sílẹ̀ wá gbé e. Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí òyìnbó tọ́ ní Tilbury, fi ìgbà èwe rẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe fíìmù Farming ní ọdún 2018.

Ní ọdún 1963, ìjọba ní kí agbanisíṣẹ́ máa fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ owó rẹ̀, ìsinmi rẹ̀ àti ohun tí yóò gbà bí ó bá ṣàìsàn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó wákàtí 21 lọ́sẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n dín in sí 16 lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1994, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé fífi wákàtí díwọ̀n ẹ̀tọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń rẹ́ àwọn obìnrin jẹ, nítorí àwọn ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ oníwákàtí díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n wó ààlà náà. Òfin mìíràn dé ní oṣù Keje ọdún 2000 pé a kò gbọdọ̀ fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó ń wá. Ìdílé tó bá ń san owó kíkún fún náánì ọlọ́jọ́ márùn-ún tó ń ṣàìsàn kò lè sọ fún ti ọlọ́jọ́ méjì pé kò sí nǹkan fún un.

Láàárín ìgbà náà, ẹrù ti padà sílé. Ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin ní ọdún 1982 pé láti oṣù Kẹrin ọdún 1983, agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san owó àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1986, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ 28. Ó kọ́kọ́ dà bí eré, nítorí gbogbo ohun tí agbanisíṣẹ́ bá san ni ó lè yọ padà nínú owó adójútòfò tó yẹ kí ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba. Ìdílé di akápò ìjọba, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 1991, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń dá padà, wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún agbanisíṣẹ́ kékeré. Ní ọdún 1994, wọn kò dá nǹkan kan padà fún àwọn ńlá mọ́. Láti ọdún 1995, ètò tuntun ní bí owó àìsàn tí a san nínú oṣù kan bá ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún owó adójútòfò oṣù náà lọ, ìjọba yóò dá èyí tó lé padà. Ètò yìí bá ìdílé olónáánì kan mu bí ẹni fi ìwọ̀n rán an: adójútòfò òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kéré, àìsàn ọ̀sẹ̀ méjì sì ti ju ìdá 13 rẹ̀ lọ.

Oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni ètò ìdápadà owó yìí parí. Lóṣù kan náà, ìjọba fún agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀dínwó tó tó £2,000 lọ́dún lórí adójútòfò, wọ́n sì yọ àwọn tó gba òṣìṣẹ́ sínú ilé ara wọn kúrò nínú rẹ̀. Ọdún kejì ni wọ́n tún gba àwọn tó ń gba olùtọ́jú aláìlera wọlé; ẹni tó gba náánì ṣì wà lóde. Wọ́n gba owó kan lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kò sí ìdí kan tó múná dóko fún èyí ju pé òfin kò ka ìdílé sí iléeṣẹ́ nígbà tí ó bá ń fúnni ní nǹkan.

Títí di oṣù Kẹrin ọdún 2026, ọjọ́ mẹ́ta ti ọdún 1911 ṣì wà nínú gbogbo èyí. Nígbà náà, kí owó tó ṣeé san, àìsàn gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rin léra wọn, ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ náà wà lára ìkà. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ lásán, a ó sì pín owó ọ̀sẹ̀ sí iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ ń wá. Ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026, £118.75 ni owó ọ̀sẹ̀ náà. Náánì mẹ́ta lè kó àìsàn lọ́jọ́ Ajé kan náà, kí wọ́n sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí tó ń wá lójoojúmọ́ láti Ajé dé Ẹtì pàdánù ọjọ́ mẹ́ta, ó gba owó Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì, ó tún gba ọ̀sẹ̀ kejì: £166.25. Èyí tó ń wá ní Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú pàdánù ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pátá, £118.75 ni tirẹ̀. Èyí tó ń wá ní Ajé àti Ìṣẹ́gun nìkan ṣì ń san gbèsè ọjọ́ kẹta ní Ajé kejì. Ìṣẹ́gun yẹn nìkan ni ó rí owó rẹ̀ gbà, £59.38. Ibà kan náà ni, oògùn kan náà ni wọ́n lò.

Ìṣòro kejì nígbà náà ni ààlà owó. Ẹni tí owó rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan kò bá tó £125 lọ́sẹ̀ ní ọdún náà kò ní ẹ̀tọ́ sí owó àìsàn lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn, ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wò lọ́tọ̀. Náánì tó ń gba £110 nílé kan lọ́jọ́ Ajé, tó ń gba £110 nílé kejì ní Ọjọ́bọ̀, ní £220 lápò lọ́sẹ̀, síbẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà níbì kankan bí ó bá ṣàìsàn. Nítorí èyí ni àwọn ìdílé mìíràn fi ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn yóò san owó kíkún fún ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún, kí náánì má baà gbé ikọ́ wọlé tọ ọmọ wá torí pé ó ń bẹ̀rù àìrówó.

Àrùn Kòrónà ni ó kọ́kọ́ mi ọjọ́ mẹ́ta náà. Láti ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2020, ẹni tó bá dúró sílé nítorí àrùn yìí ń gba owó láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìjọba sì dá owó ọ̀sẹ̀ méjì padà fún agbanisíṣẹ́ kékeré, ìdílé olónáánì pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tí ọba fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni ó wá fa ọjọ́ mẹ́ta náà tu. Láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2026, owó àìsàn bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ààlà owó sì kúrò. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ tàbí iye tí ìjọba dá, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì, ni yóò gbà. Náánì onílé méjì tí ń gba £110 níhìn-ín àti £110 lọ́hùn-ún yóò gba £88 lọ́dọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan tó bá fi dùbúlẹ̀. Ìdílé méjèèjì ni yóò san án látinú àpò ara wọn, nítorí òfin tuntun náà kò dá ètò ìdápadà owó sílẹ̀.